Fífi Oúnjẹ Ehoro Inú Àpò Wéra: Ẹ̀yìn Àpò Ni Kí Ẹ Kà

Ẹ dúró níwájú pẹpẹ oúnjẹ ehoro ní ṣọ́ọ̀bù ẹran ọ̀sìn èyíkéyìí ní London tàbí Manchester, ẹ ó rí i pé kò sí àpò tí kì í yin ara rẹ̀. Ọ̀kan ní fáíbà kún inú òun bámúbámú, èkejì ní kò sí ọkà nínú tòun, ẹ̀kẹta ya kárọ́ọ̀tì àti òdòdó gàdàgbà síwájú. Iwájú ni ọlọ́jà ti ń polówó ọjà. Ẹ̀yìn ló ti ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, torí pé òfin ló fi dandan mú un.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ìkòkò ọbẹ̀ la mọ ehoro mọ́ nílé. Ọmọ tí a bí sí ìlú òyìnbó ló wá fi ẹkún gba ọ̀kan lọ́wọ́ wa, ni ehoro bá di ẹni tó ní orúkọ, tó ní yàrá, tó sì ní dókítà. Èyí tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 8 sí 12. Nítorí náà, oúnjẹ tí kò dára kì í pa á lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bà á jẹ́, láti eyín dé ìfun, títí ìwé owó dókítà ẹranko á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni bí a ṣe ń mú àpò méjì tàbí mẹ́ta, tí a ó sọ òǹkà ẹ̀yìn wọn di irú kan náà, kí a tó fi wọ́n wéra. Bí a kò bá kọ́kọ́ ṣe ìyẹn, òǹkà tó tóbi jù lè jẹ́ ti àpò tó burú jù. Ìwé, bírò àti ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ti tó fún iṣẹ́ náà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: koríko ni oúnjẹ

Kò sí àpò tó lè ṣe iṣẹ́ koríko gbígbẹ. Nǹkan bí 80 sí 85% ohun tí ehoro àgbà ń jẹ lóòjọ́ ló yẹ kó jẹ́ koríko, kó sì wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Eyín ehoro kì í dẹ́kun híhù. Tiwájú ń gùn tó mìlímítà 2 lọ́sẹ̀ kan, bó ṣe ń gé koríko, tó sì ń lọ̀ ọ́ lẹ́nu látọ̀tún sósì ló ń mú kí eyín rẹ̀ máa dín kù. Fáíbà gígùn inú koríko yìí kan náà ló ń ti ìfun rẹ̀ ṣiṣẹ́, bí ìfun ehoro bá sì dúró, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn nìyẹn.

Àfikún ni oúnjẹ àpò. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ní Britain ni pé kó má ju gíráàmù 25 lọ lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ehoro wọ̀n. Bí tiyín bá wọ̀n tó kílò 2, gíráàmù 50 ni òpin rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ dé òpin. Ẹ fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi àmì sára ife tí ẹ ó máa fi bù ú. Ọwọ́ ọmọdé tó fẹ́ràn ehoro kì í bu oúnjẹ dọ́gba.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ yọ muesli kúrò

Oríṣi méjì ló pọ̀ jù lórí pẹpẹ. Àkọ́kọ́ ni oníhóró, tí wọ́n lọ gbogbo èròjà rẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ di hóró aláwọ̀ ilẹ̀ kan náà. Èkejì ni muesli: àgbàdo tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ̀wà gbígbẹ, hóró pupa àti ti ewéko, gbogbo rẹ̀ láwọ̀ mèremère.

Àléébù muesli ni pé òǹkà ẹ̀yìn àpò rẹ̀ kì í ṣe òǹkà ohun tí ehoro jẹ. Ẹ wo abọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àgbàdo ti lọ, ẹ̀wà ti lọ, ohun aládùn gbogbo ti lọ. Hóró aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní fáíbà àti fítámì nínú ló kù nísàlẹ̀ tó ń wo yín. Ẹni tó ni ehoro á dà á nù, á bu tuntun sí i, ehoro á tún ṣa àdídùn jẹ. 14% fáíbà lè wà lára àpò kí ehoro má rí ìdajì rẹ̀ jẹ.

Ní Yunifásítì Edinburgh, Jenna Prebble, Anna Meredith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi oṣù 17 tọ́jú ehoro 32 tí irú wọn ń jẹ́ Dutch ní ọ̀wọ́ mẹ́rin: ọ̀wọ́ kan ń jẹ koríko nìkan, ọ̀kan ń jẹ koríko pẹ̀lú oúnjẹ oníhóró, ọ̀kan koríko pẹ̀lú muesli, ọ̀kan muesli nìkan. Láàárín ọdún 2014 sí 2015 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Àwọn tó ń jẹ muesli ni ìsanrajù àti ìbàjẹ́ eyín ti hàn. Àwọn tó rí koríko pẹ̀lú muesli kò jẹ koríko tó bó ṣe yẹ. Lójú tèmi, ìwádìí yìí ti parí ẹjọ́. Bí muesli bá wà lára àwọn àpò tí ẹ fẹ́ fi wéra, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. N ó ṣì fi ọ̀kan sínú ìṣirò tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ lè fojú ara yín rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ da òǹkà ẹ̀yìn àpò kọ

Lára àpò tí wọ́n ń tà ní Britain, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Analytical constituents" sí. Ẹ ó rí òǹkà mẹ́rin: protein, ìyẹn èròjà amúaradàgbà, oils and fats, ìyẹn ọ̀rá, fibre, àti ash, ìyẹn eérú, òǹkà àwọn èròjà ilẹ̀ tó máa ṣẹ́ kù bí wọ́n bá sun oúnjẹ náà tán. Wọn kì í sábà kọ omi, torí pé òfin kò fi dandan mú un àyàfi tó bá ju 14% lọ. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kọ 10%. Oúnjẹ gbígbẹ kì í jìnnà síbẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. "Guaranteed analysis" ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, òǹkà náà sì jẹ́ ẹ̀rí ìsàlẹ̀ tàbí ti òkè: amúaradàgbà kò ní dín sí iye báyìí, omi kò ní ju iye báyìí lọ. Fún oúnjẹ ehoro, wọ́n ń kọ fáíbà àti kálísíọ́mù ní méjì-méjì, èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù. Wọn kì í sábà kọ eérú. Ẹni tó bá mú "min 14%" ti Amẹ́ríkà tó ní ó kéré sí 15% ti Britain ti ṣìṣe, torí 14% yẹn lè jẹ́ 16 nínú àpò gan-an.

Fún àpẹẹrẹ wa, ẹ jẹ́ ká mú àpò mẹ́ta. Àpò A jẹ́ oníhóró ti Britain tí mo fọwọ́ ara mi ṣètò òǹkà rẹ̀: amúaradàgbà 13, ọ̀rá 4, fáíbà 19, eérú 6. Àpò B ni Oxbow Essentials Adult Rabbit ti Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí òǹkà tí a mọ̀ ọ́n mọ́: amúaradàgbà ó kéré tán 14, ọ̀rá ó kéré tán 2, fáíbà 25 sí 29, omi kò ju 10 lọ, kálísíọ́mù 0.35 sí 0.85. Àpò D jẹ́ muesli, èmi náà ni mo ṣètò tirẹ̀: amúaradàgbà 13, ọ̀rá 3.5, fáíbà 10, eérú 5.5, omi 12.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fáíbà wo ni wọ́n ń sọ?

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí ibí ni ìpolówó ti ń fi òǹkà ṣeré.

Fáíbà tí òfin ní kí wọ́n kọ ni "crude fibre". Ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: wọ́n á fi ásíìdì àti omi alágbára mìíràn se oúnjẹ náà, wọ́n á wọn ohun tó kù. Kì í ká gbogbo fáíbà, torí apá kan lára rẹ̀ máa ń bá omi yẹn lọ. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń pè ní NDF máa ń ká jù bẹ́ẹ̀ lọ, òǹkà tirẹ̀ sì máa ń ga gan-an ju crude fibre oúnjẹ kan náà lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Britain tún ń kọ "beneficial fibre" ní lẹ́tà gàǹgà síwájú àpò, òǹkà rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì crude fibre tó wà lẹ́yìn àpò yẹn gan-an. Irọ́ kọ́, àmọ́ ẹni tó bá fi 38% iwájú àpò kan wé 25% ẹ̀yìn òmíràn á gbé èyí tí fáíbà rẹ̀ kéré lọ sílé, á sì máa yọ̀.

Òfin tèmi kò le: crude fibre sí crude fibre nìkan. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ gbé àpò náà jùnù. Fún ehoro àgbà, n kì í fẹ́ kó dín sí 18%. Tó bá lé ní 20%, ó tún dára sí i. Àpò B ló borí níbí, A kò burú, D kò tiẹ̀ wọnú ìdíje.

Òǹkà nìkan kò tó o. Fáíbà tí wọ́n lọ kúnná bí ìyẹ̀fun àti fáíbà gígùn lè ní òǹkà kan náà lára àpò, àmọ́ iṣẹ́ wọn nínú ìfun yàtọ̀. Èyí tó gùn ló ń ti oúnjẹ síwájú. Èyí tó kúnná máa ń yà sínú àpò ńlá inú ìfun, níbi tí kòkòrò tíntìntín ti ń jẹ ẹ́. Méjèèjì ni ehoro nílò, ṣùgbọ́n oúnjẹ oníhóró kì í sábà ní èyí gígùn tó. Ẹ lè fojú yín rí i: ẹ ju hóró mélòó kan sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó rọ̀ títí á fi fọ́, kí ẹ dà á sórí asẹ́ tíì. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ rúbútú ló kù lórí asẹ́, lílọ̀ rẹ̀ ti kúnná jù. Bí ẹ bá rí ègé koríko wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ lè ṣa, ìyẹn sàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yọ omi kúrò, bó bá tọ́ bẹ́ẹ̀

Ẹ yọ òǹkà omi kúrò nínú 100, ẹ fi èyí tó kù pín òǹkà fáíbà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Fún A: 19 pín sí 90, ìlọ́po 100, ó di 21.1. Fún D: 10 pín sí 88, ó di 11.4. Ẹ rí i pé kò sún wọn púpọ̀. Láàárín oúnjẹ gbígbẹ méjì, ìṣirò yìí kì í yí ìdájọ́ padà àyàfi tí òǹkà wọn bá súnmọ́ra gan-an. Ìgbà tó ṣe kókó ni ìgbà tí ẹnì kan bá ń fi oúnjẹ àpò wé ewébẹ̀ tútù, torí omi ló pọ̀ jù nínú ewébẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá sítáàṣì tí wọn kò kọ

Ó ṣọ̀wọ́n kí àpò kọ iye sítáàṣì àti ṣúgà inú rẹ̀ síta. Ẹ máa wá a fúnra yín. Ẹ ro amúaradàgbà, ọ̀rá, fáíbà, eérú àti omi pọ̀, kí ẹ yọ àròpọ̀ náà kúrò nínú 100.

Àpò A: 13 + 4 + 19 + 6 + 10 jẹ́ 52, ó ku 48. Àpò B kò kọ eérú, ẹ fi 7 sí i: 14 + 2 + 25 + 7 + 10 jẹ́ 58, ó ku 42. Àpò D: 13 + 3.5 + 10 + 5.5 + 12 jẹ́ 44. Ó ku 56.

Kì í ṣe gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù ni sítáàṣì. Fáíbà tí crude fibre kò ká ń bẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé 42% sítáàṣì ló wà nínú B. Ẹ lò ó láti fi to àpò tẹ̀ léra ni. Èyí tó bá ṣẹ́ kù jù, tí àlìkámà tàbí àgbàdo sì wà lókè nínú orúkọ èròjà rẹ̀, sítáàṣì rẹ̀ ló pọ̀ jù. Sítáàṣì tó pọ̀ máa ń da àwọn kòkòrò inú ìfun ehoro rú: ìgbẹ́ rẹ̀ á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ìdí, nígbà òòrùn eṣinṣin á wá yé sí i. Ẹni tó bá ti rí ìdin lára ehoro láàyè kò ní béèrè ìdí tí mo fi ń pariwo lórí àgbàdo.

Amúaradàgbà àti ọ̀rá

12 sí 16% amúaradàgbà dára fún àgbà. Ọ̀rá kò yẹ kó ju 4 tàbí 5% lọ, ehoro tó bá sanra kì í lè tẹ ara láti jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ tirẹ̀, èyí tó ń fún un ní fítámì. Ehoro tí kò tíì pé oṣù 5 sí 6 nílò amúaradàgbà àti kálísíọ́mù tó pọ̀ ju ti àgbà lọ. Oúnjẹ ọmọ ehoro ni kí ẹ fi wé oúnjẹ ọmọ ehoro.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kálísíọ́mù

Ehoro kò rí bí àwa. Ara tiwa máa ń gba ìwọ̀n kálísíọ́mù tó nílò. Ti ehoro ń gba púpọ̀ nínú ohun tó bá wà nínú oúnjẹ, èyí tó bá ṣẹ́ kù á gba inú kíndìnrín jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ ehoro fi máa ń dà bí omi ẹfun nígbà mìíràn. Bó bá pọ̀ jù, tó sì ki bí ẹ̀kọ, ó lè di òkúta nínú àpò ìtọ̀.

Fún àgbà, mo fẹ́ràn èyí tó wà láàárín 0.5 sí 0.8%. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ di gíráàmù kí ẹ tó bẹ̀rù. Gíráàmù 50 oúnjẹ tí kálísíọ́mù rẹ̀ jẹ́ 0.8% máa fún un ní gíráàmù 0.4. Tó bá jẹ́ 0.5%, gíráàmù 0.25. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju gíráàmù 0.15 lọ. Ẹ wá wo koríko: gíráàmù 100 koríko timothy, tí kálísíọ́mù rẹ̀ ń lọ sí bíi 0.4%, jẹ́ gíráàmù 0.4. Bó bá jẹ́ alfalfa ni, tó ń lọ sí bíi 1.3%, ó ti di gíráàmù 1.3. Irú koríko tí ẹ ń rà ló ń pinnu kálísíọ́mù ehoro yín ju àpò lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pààrọ̀ àpò lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó wo ohun tó wà nínú agbada koríko.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ará ilé tó ń sin ehoro ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń bu oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin fún un. Kálísíọ́mù inú rẹ̀ lè tó 3.5% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí èèpo ẹyin ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí wọ́n máa pa lóṣù mẹ́ta lè má fi nǹkan kan hàn. Èyí tí ọmọ fẹ́ sìn fún ọdún mẹ́wàá kò ní lọ bẹ́ẹ̀. Bákan náà, àwọn oògùn kan tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ, bíi narasin àti salinomycin, lè pa ehoro. Oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún ehoro ni kí ẹ rà, tàbí kí ẹ bá koríko lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: orúkọ èròjà, ọjọ́ àti owó

Èyí tó wúwo jù nínú àpò ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Mo fẹ́ rí koríko kan ní ipò àkọ́kọ́, timothy tàbí òmíràn tí wọ́n dárúkọ gan-an. Òfin Britain gba kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gbogboogbò bíi "derivatives of vegetable origin"; èyí kò sọ nǹkan kan fún yín, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè yí padà láti àpò kan sí òmíràn. Molasses, oje ṣúgà dúdú nì, wọ́n sábà máa ń fi díẹ̀ di hóró pọ̀. Bó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ má jà lórí rẹ̀. "Kò sí ọkà" kì í ṣe ẹ̀rí pé sítáàṣì kéré, torí ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún náà ní in. Ẹ padà sórí ìṣirò ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Fítámì máa ń dín kù bí oúnjẹ bá ṣe ń pẹ́. Ẹ ra ìwọ̀n tó máa tán láàárín oṣù kan àbọ̀ tàbí méjì, kì í ṣe àpò ńlá torí pé ó dínwó díẹ̀.

Ní ti owó, ẹ ṣírò iye kílò kan, kí ẹ tún ṣírò ti ọjọ́ kan. Ká ní àpò kílò 2 jẹ́ £8, èyí tó jẹ́ kílò 1.5 jẹ́ £6.50: ti àkọ́kọ́ jẹ́ £4 ní kílò kan, ti èkejì £4.33. Bí ehoro bá ń jẹ gíráàmù 40 lóòjọ́, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò tó pẹ́ńsì 2. Ẹ má torí ìyẹn gbé àpò tí fáíbà rẹ̀ kéré.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yàn

Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ lójijì. Fún bíi ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa pò ó: kí tuntun kọ́kọ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, lẹ́yìn náà ìdajì, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò: ó yẹ kó tóbi, kó rí roboto, kó gbẹ, bí ẹ bá sì fi ìka fọ́ ọ, ègé koríko ni kí ẹ rí nínú rẹ̀. Bó bá kéré, tó le bí òkúta, ẹ dín oúnjẹ àpò kù kó lè jẹ koríko sí i. Bó bá fi wákàtí 12 kọ oúnjẹ tàbí tí kò yàgbẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ká wò ó dọ̀la: ẹ pe dókítà ẹranko lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹ sì máa wọ̀n ehoro náà lóṣooṣù, torí irun máa ń bo ìsanra mọ́lẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn àpò tí ẹ yàn sínú fóònù yín. Ilé iṣẹ́ máa ń yí èròjà padà láìyí orúkọ padà; ọjọ́ tí ẹ bá rí "new recipe" ní igun àpò, ẹ ṣí fọ́tò yẹn, ẹ fi òǹkà wé òǹkà, bẹ̀rẹ̀ láti orí crude fibre.